Ẹ Má Fi Ìwé Àkọ́tẹ̀ Di Ẹ̀pà

Àwọn kan wà nílùú Ọba tó ń ná owó gọbọi sórí ìwé ìtàn àròsọ ayé Ọbabìnrin Victoria, ẹ̀dà tó kọ́kọ́ jáde gan-an ni wọ́n sì ń wá. Ẹni tí kò bá mọ̀dí rẹ̀ lè pè é ní ìnákúnàá. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìkàwé tó ń yá èèyàn ní ìwé ló ra èyí tó pọ̀ jù nínú wọn nígbà náà. Bí ìwé bá ti gbó, wọn a kó o dànù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Michael Sadleir ló ń ṣà wọ́n jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 1951, ó tẹ àkọsílẹ̀ wọn jáde ní apá méjì, Yunifásítì California ní Los Angeles ló sì ni àkójọ náà lónìí. Ohun tí ilé ìkàwé sọ nù, ẹnì kan ló kó o pa mọ́.

Tiwa ńkọ́? Lẹ́tà ni Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá kọ́kọ́ jẹ́ nínú Akéde Èkó ti Isaac Thomas, láti 1929 wọ 1930, kó tó di ìwé. Inú ìwé ìròyìn yẹn la ti ń rí lẹ́tà àwọn òǹkàwé tó gbà pé obìnrin aláìsàn kan ló ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá ka ìwé nìkan lè má bá wọn pàdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde lọ́dún 1938: àkọtọ́ ayé ìgbà náà ló wà nínú rẹ̀, nígbà tí “aiye” àti “enia” ṣì jẹ́ bí a ṣe ń kọ ọ́. Wọ́n ti tún ìwé náà tẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, a dúpẹ́, àmọ́ àtúntẹ̀ kì í sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójú ẹni tó kọ́kọ́ rà á.

Àwọn kan á ní íntánẹ́ẹ̀tì ti tó. Ta ló fẹ́ ya fọ́tò ohun tí ikán ti jẹ tán? Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àlùfáà Samuel Johnson: ó parí ìwé ìtàn Yorùbá lọ́dún 1897, èyí tó fi ránṣẹ́ sílùú Ọba sọnù, ó sì kú lọ́dún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù. Ọdún 1921 ló tó jáde. Ká ní àwọn àkọsílẹ̀ yẹn kò sí nílé ńkọ́? Àwọn mìíràn á ní ebi ń pa aráàlú, ìwé àtijọ́ kọ́ ló kàn. Òótọ́ ni pé ebi ń pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹnikẹ́ni tọ́jú ìwé àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń kó àpótí bàbá rẹ̀ jáde ní Òṣogbo tàbí Iléṣà, tó sì fẹ́ ta bébà inú rẹ̀ fún ẹlẹ́pà, owó tó dáa ló yẹ kó rí gbà. Àjọ Centre for Black Culture and International Understanding, tí àkójọ Ulli Beier wà lọ́dọ̀ wọn, wà ní Òṣogbo níbí. Kí wọ́n gbé tábìlì kan sí ọjà Igbona lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹni tó mọ ìwé jókòó tì í, kó máa yẹ ojú ewé àkọ́kọ́ wò, kó sì sanwó lójú ẹsẹ̀.