Ògún Kì í Ṣe Ògbólógbòó Jagunjagun Inú Eré

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò wo ilé mọ́ kí wọ́n tó pe Ògún ní òrìṣà ogun. Eré orí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní God of War, ni wọ́n ń wò. Ọdún 2005 ni ó kọ́kọ́ jáde.

Kratos, jagunjagun ará Sparta, ni akọni eré náà. Nígbà tí ọ̀tá fẹ́ pa á lójú ìjà, ó ké pe Ares, òrìṣà ogun àwọn ará Gíríìsì, ó sì di ẹrú rẹ̀. Ares tàn án títí ó fi pa aya àti ọmọ ara rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Kratos pa Ares, wọ́n sì fi í jókòó sórí ìtẹ́ ẹni tí ó pa. Ọwọ́ àwọn aṣeré ni ìtàn yìí ti wá, ṣùgbọ́n Ares ti wà tipẹ́. Nínú Iliad tí Homer kọ, Zeus, bàbá rẹ̀, fi yé e pé kò sí òrìṣà tí òun kórìíra tó o, nítorí ìjà àti ogun ni ó fẹ́ràn nígbà gbogbo.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rántí Ògún àti Ìrè. Ìtàn sọ pé Ògún ti ojú ogun dé, ó bá àwọn ènìyàn níbi tí èèwọ̀ ti de ohùn wọn. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó gbé agbè ẹmu, òfìfo ni. Ó rò pé wọ́n fi òun wọ́lẹ̀, ó sì fa idà yọ sí wọn. Títí dé ibí yìí, òun àti Kratos jọra. Ìgbẹ̀yìn wọn ni ó yàtọ̀. Kratos gba ìtẹ́. Nígbà tí ojú Ògún wálẹ̀, àbámọ̀ bò ó, ó sì wọ ilẹ̀ lọ. Ìkìlọ̀ ni ìtàn náà jẹ́ fún gbogbo alágbára.

Ohùn ọ̀rọ̀ pàápàá ń jẹ́rìí. Ohùn àárín ni sílébù méjèèjì nínú ogun. Ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè ni ti Ògún. Lóòótọ́, Ògún mọ ogun, nítorí irin ni a fi ń jà. Ṣùgbọ́n irin kan náà ni àgbẹ̀ fi ń roko, tí alágbẹ̀dẹ ń rọ, tí awakọ̀ ń wà, tí oníṣègùn fi ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ní kóòtù, ẹni tí kò fi Bíbélì tàbí Kùránì búra a máa fi irin búra, nítorí Ògún kò gba irọ́. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò gbàgbé èyí: títí di òní, ojú irin rélùwéè wà lára ibi tí wọ́n ti ń bọ ọ́.

Àwọn kan yóò ní eré lásán ni eré. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí wọ́n ṣe é. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2018, wọ́n ti mú Kratos lọ sí ilẹ̀ àríwá Yúróòpù, wọ́n sọ ọ́ di bàbá tí ń kọ́ Atreus, ọmọ rẹ̀, láti kápá ìbínú. Ọdún 13 péré ni wọ́n fi rí i pé akọni tí kò mọ̀ ju pípa lọ kò tó. Ṣé àwọn tí wọ́n ni Ògún ni yóò wá fi tiwọn sílẹ̀ sórí àga Ares?

Kí olùkọ́ má gba "òrìṣà ogun" nìkan gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn tí ó pé. Kí ó béèrè irin, oko, ọ̀nà àti ìbúra. Kí àgbàlagbà sì sọ ìtàn Ìrè dé òpin, kí ó má dúró síbi tí idà ti jáde nínú àkọ̀. Ibi tí àgbà bá dákẹ́ sí ni ẹ̀rọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀. Àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.