Ayamáṣe Tó Fẹ́ Jó Wa Mọ́lé

Ọ̀rọ̀ ata ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe ata pupa tí ojú wa ti mọ́, bí kò ṣe ata tí kò tíì pọ́n, tí a fi ń se ayamáṣe, ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fadà. Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọbẹ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ata fúnra rẹ̀, àjèjì ni. Láti Amẹ́ríkà ni irúgbìn rẹ̀ ti wá lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní 1492. Ní Mẹ́síkò, wọ́n ṣì ń fi ata tútù bẹ́ẹ̀ ṣe ọbẹ̀ títí dòní.

Ní Sátidé kan, ìyàwó mi lọ sí ìkómọjáde ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní kí ó tó padà dé sí Amukòkò, n óò ti se ayamáṣe. Mo lọ sí ọjà Boundary ní Ajégúnlẹ̀, mo ra tàtàṣé tútù 6, ata rodo tútù 10, àlùbọ́sà ńlá 2, irú wóró, ṣàkì àti pọ̀nmọ́. A kì í fi tòmátì sí i o.

Ẹ gbọ́ bí a ti ń ṣe é. Ẹ la ata, ẹ yọ kóró rẹ̀ àti awọ funfun tí kóró so mọ́. Awọ funfun yìí ni ó ń ta jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọbẹ̀ ta dáadáa, kí ó fi díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà kan, kí ó má kúnná. Ẹ sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, nítorí bí omi bá kù nínú rẹ̀, epo gbígbóná yóò máa ta síni lára.

Lẹ́yìn èyí, ẹ da epo pupa sínú ìkòkò tí ó gbẹ, ẹ dé e, ẹ fi iná kékeré sí i fún bí ìṣẹ́jú 10 títí pupa rẹ̀ yóò fi ṣá. Ẹ dúró tì í. Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kí ó tutù díẹ̀ kí ẹ tó ṣí i.

Ibẹ̀ ni èmi ti ṣìṣe. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ayálégbé ń gbà kọjá ni mo gbé sítóòfù sí. Mo yí iná sókè, mo sì padà sí yàrá láti máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Ìgbà tí n óò fi jáde, èéfín ti bo ibi gbogbo, iná sì ń jó lórí epo. Mo gbá korobá omi mú. Ìyá àgbà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa pariwo pé, “Tíṣà, gbé omi yẹn sílẹ̀! Ṣé o fẹ́ jó gbogbo wa mọ́lé ni?” Ó pa sítóòfù, ó rọra fi ọmọrí irin bo ìkòkò. Iná kú.

Ojú tì mí púpọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo kọ́ àwọn ọmọ pé omi wúwo ju epo lọ. Bí a bá da omi sórí epo tí ń jó, yóò rì, yóò hó lójijì, yóò sì gbé epo oníná fò ká gbogbo ilé. Mo mọ̀ ọ́n lórí pátákó, n kò mọ̀ ọ́n nídìí iná. Níbi tí yàrá ti kọjú sí yàrá, iná ẹnì kan, iná gbogbo ilé ni.

Mo ra epo mìíràn, mo sì dúró tì í. Mo fi àlùbọ́sà kejì dín, mo kó irú sí i, lẹ́yìn náà ata, ẹran bíbọ̀, omi ẹran díẹ̀, iyọ̀ àti ẹyin sísè. Mo fi iná kékeré sí i títí epo fi léfòó.

Ẹ rántí ọwọ́ yín. Oró ata kì í yòrò nínú omi, inú epo ni ó ti ń yòrò. Ẹ fi òróró pa ọwọ́ kí ẹ tó fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ojú ọmọ.

Ìyàwó mi jẹ ọbẹ̀ náà, ó yìn mí. Abọ́ àkọ́kọ́, ìyá àgbà ni mo gbé e fún.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.