Ẹni Tí Kò Jẹ Gbèsè Rí Fẹ́ Ra Ilé

Ká ní ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági n'Íbàdàn gba báńkì lọ láàárọ̀ ọ̀la, tó ní òun fẹ́ yáwó ra ilé, òun yóò sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà BVN rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà. Wọn yóò fi wá orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, àwọn bíi CRC, FirstCentral àti CreditRegistry tí Báńkì Àpapọ̀ fún níwèé àṣẹ. Bí ìyá yìí kò bá yáwó ní báńkì rí, òfìfo ni wọn yóò bá níbẹ̀. Ogún ọdún tó fi dá àjọ láìpa ọjọ́ jẹ, kò sí níbẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ilé tó ń san kí ọjọ́ tó pé, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lórí fóònù tó sì san án padà ní àkọsílẹ̀ jù ú lọ.

A ò bá báńkì wí pé wọ́n ń béèrè ẹ̀rí. Owó àwọn tó fowó pamọ́ sọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń yáni, ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n lè fi dúró de owó ilé kì í sì í ṣe ọ̀la. Ẹjọ́ tí a ń bá wọn rò ni pé irú ẹ̀rí kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀: kí èèyàn ti jẹ gbèsè rí. Nílẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ìtìjú gbèsè tọ́ ọmọ, tí ẹni tó yáwó ṣòwò kì í fẹ́ kí ará ilé gbọ́, wọ́n wá sọ ìwà tí à ń yìn di ohun tó ń dínà mọ́ èèyàn.

Òfin kò sì dè wọ́n lọ́wọ́. Òfin àkọsílẹ̀ gbèsè ti ọdún 2017 kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sọ́dọ̀ báńkì. Ó fàyè gba ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta nǹkan bí iná fún ará ìlú pé káwọn náà máa fi bí èèyàn ṣe ń sanwó ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà ní iléèwé, ọsibítù, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Nínú gbogbo ibi tí mẹ̀kúnnù ń kówó sí, ìwé tiwọn ló ṣeé gbára lé jù: iye tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá lóṣù, iye tó yá, àwọn tó dúró fún un, ọjọ́ tó san án tán. Síbẹ̀, inú dúrọ́ọ̀ akápò ni ìwé yẹn ń sùn. Ẹni tó yáwó ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà tó sì san án lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ojú kan náà ni báńkì fi ń wo òun àti ẹni tó sá fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a kò ṣe rí. Lọ́dún 1953, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìwọ̀-oòrùn, tí àgbẹ̀ kòkó pọ̀ nínú wọn, dá báńkì tiwọn sílẹ̀ n'Íbàdàn: Co-operative Bank. Báńkì mọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ sì mọ ọmọ ẹgbẹ́. Lọ́dún 2006, báńkì náà wọ inú àdàpọ̀ tó di Skye Bank, ohun tó sì bá a lọ ju orúkọ lọ.

Owó ilé tí ayálégbé ń san ló yẹ kó rọrùn jù láti fi ṣe ẹ̀rí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Skipton, tó ń yáni lówó ra ilé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé lóònù kan jáde fún ayálégbé. Ẹni tó bá fi hàn pé òun san owó ilé fún oṣù méjìlá léra léra lè yá gbogbo iye tí wọ́n ń ta ilé tó fẹ́ rà láìmú kọ́bọ̀ sílẹ̀, iye tí yóò sì máa san lóṣù kò gbọdọ̀ ju owó ilé tó ti ń san lọ. Wọ́n ṣì ń wo àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀ o, ṣùgbọ́n owó ilé ti di ẹ̀rí. Ní Amẹ́ríkà náà, Fannie Mae, ilé iṣẹ́ tó ń ra lóònù ilé lọ́wọ́ àwọn báńkì, ti ń ka owó ilé tó bọ́ sásìkò sí ire fún ẹni tó fẹ́ yáwó láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Àwọn ọmọ wa ní Peckham àti Houston mọ ìwúlò irú ẹ̀rí yìí dáadáa, torí orúkọ rere tí èèyàn ní ní báńkì l'Ékòó kì í bá a wọ bàálù.

Nílé ńkọ́? Òfin ilé gbígbé tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 2011 pàṣẹ pé kí láńlọ́ọ̀dù fún ayálégbé ní risíìtì owó tó bá gbà. (Wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà kúrò nínú òfin náà, bóyá àwọn tibẹ̀ kì í bá láńlọ́ọ̀dù jà.) Mélòó nínú wa ló rí risíìtì gbà? Owó á dọ́wọ́ ẹ́jẹ́ńtì, ẹ́jẹ́ńtì á ní "ó ti wọlé", ó parí.

Owó kan wà tó yẹ kó wà fún irú ìyá Gbági yìí. Lábẹ́ òfin National Housing Fund ti ọdún 1992, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fúnni lóṣù lèèyàn yóò máa dá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó lè béèrè lóònù lọ́wọ́ Federal Mortgage Bank, èlé rẹ̀ kò sì ju bí ìdá 6 tàbí 7 lọ. Ẹ fi wé ìdá 27.5 tí Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé tirẹ̀ dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, kí báńkì tó lé tiwọn lé e. Oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tíṣà àti nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn. Oníṣòwò ni yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ọ́fíìsì lọ. Ìdá 25 owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ní káwọn òṣìṣẹ́ lè mú dání lọ ra ilé láti ọdún 2022 náà kò kàn án, àfi bó bá ti ń dá owó ìfẹ̀yìntì fúnra rẹ̀. Ti ìwé ilẹ̀, tí gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí wọ́n tó lè fi dúró fún gbèsè, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ohun tí à ń fẹ́ ni pé kí Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n yẹ risíìtì owó ilé ọdún mẹ́ta àti ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó forúkọ sílẹ̀ wò, kí wọ́n tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò ní àkọsílẹ̀. Kí Federal Mortgage Bank gbé tábìlì àti fọ́ọ̀mù lọ sí ọjà Gbági àti ọjà Balógun l'Ékòó. Kí ìjọba Èkó fi òfin risíìtì mú láńlọ́ọ̀dù kan, káwọn yòókù rí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fi owó ilé ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì, kẹ́ ẹ kọ "owó ilé" àti ọdún rẹ̀ sí i. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti rí àkọsílẹ̀ gbèsè yín gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ lọ gbà á kí báńkì tó gbà á, torí owó orí fóònù tẹ́ ẹ ti gbàgbé lè wà níbẹ̀.