Ọ̀rọ̀ Olùkọ́ Àwọn Adènà ní Ohio State

Lẹ́yìn tí Yunifásítì Ohio State gba ife bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Jim Knowles, ẹni tí ń kọ́ àwọn adènà wọn, fi wọ́n sílẹ̀ lọ sí Penn State. Wọ́n sì fi Matt Patricia rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kùn pé nígbà tí ọkùnrin yìí jẹ́ olórí ní Detroit láti 2018 sí 2020, ìgbà 13 péré ni ó borí, ìgbà 29 ni a sì borí rẹ̀.

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kò pè é wá ṣe olórí. Ǹjẹ́ àwa kò mọ olùkọ́ tí í kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní àkọ́yé, tí ilé-ìwé sì dàrú nígbà tí a fi í jẹ ọ̀gá? Iṣẹ́ àwọn adènà ni Patricia darí ní New England láti 2012 sí 2017, ó sì mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó bà mí lẹ́rù yàtọ̀: láti 2004, àwọn àgbà tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun nìkan ni ó ti ń kọ́, bẹ́ẹ̀ ni sùúrù ọmọ ilé-ìwé kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, nígbà tí Texas wá bá wọn ní Columbus ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Ohio State gba 14. 7 péré ni Texas rí gbà.