Òkú Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ Kì í Dá Lọ

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, níbi ìkómọ kan ní Bódìjà n'Ìbàdàn, kí wọ́n tó gbé ìrẹsì dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rẹ́ mi kan ń ráhùn pé AC ọkọ̀ òun kò fẹ́ ju ooru lọ mọ́. Ó ní ó kọ́kọ́ ń dún kìrìkìrì fún ọjọ́ mẹ́ta, bí ẹni ń lọ àgbàdo gbígbẹ, ó wá dákẹ́ lójijì. Àwa mẹ́fà la yí tábìlì náà ká. Àwọn mẹ́rin yòókù dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń ṣe àmín: "Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni! Lọ ra àlòkù Bẹ́ljíọ̀mù kan ní ọjà Gate, kí wọ́n dè é, kí wọ́n fa gáàsì sí i. Ó tán."

Ó tán. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu onítakisí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu alága ẹgbẹ́ baba ìjọ, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu mẹkáníìkì tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò mi tó lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì nídìí ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ Sátidé nítorí ọmọ tuntun. Ọmọ ti gba orúkọ báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ìgbàgbọ́ náà, tó bá yẹ kí n fi orúkọ yẹn pọ́n ọn lé, ni pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ dà bíi gílóòbù: ó jó, o yọ ọ́, o fi òmíràn sí i, ilé mọ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn ní ẹ̀rí. Ẹ̀rí wo? Pé AC ti lágbájá tutù lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ta ni AC rẹ̀ kì í tutù lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é? Ẹ jẹ́ kó pé oṣù mẹ́ta, kí ẹ wá bi lágbájá léèrè.

Gílóòbù tó jó kì í da ohunkóhun sínú wáyà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń kú lọ ń da nǹkan sínú páìpù. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ jókòó sí. Ẹni tó bá ń kánjú lè máa lọ.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní ibi tí ọ́ìlì rẹ̀ ń sùn sí, ó ní fílítà tirẹ̀, ó ní ọ̀pá tí a ń kì bọ̀ ọ́ láti mọ ibi tó dé. AC kò ní irú ìyẹn. Ọ́ìlì inú rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, kò kún ife tíì kan. Gáàsì ló ń gbé e kiri. Ó bá gáàsì jáde lẹ́nu kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ó gba inú kọ̀ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀, ó gba inú dráyà, ó gba ojú ihò tín-ín-tín ti ẹ̀kísípáńṣọ̀n, ó wọ inú ẹfapórétọ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tún padà sẹ́nu kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ nìyẹn, kò sì ní ibùsọ̀. Lọ́jọ́ tí ọ́ìlì bá dínkù tàbí tó bá bàjẹ́, àwọn písítìnì inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara ilé tí wọ́n ń gbé. Alumíníọ̀mù ni ilé náà, kò le. Ohun tí wọ́n bá ha kúrò lára rẹ̀ á bá ọ́ìlì rìn, ibi tí ọ́ìlì bá sì dé ni òun náà á dé. Kìrìkìrì tí ọ̀rẹ́ mi gbọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ìró ọlọ ni. Irin ló ń lọ, ó sì ń fi ìyẹ̀fun rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo yàrá.

Wọn ò sọ ọ́ fún mi, èmi ni mo fojú ara mi rí i. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ Corolla mi kú nínú oṣù kejì ọdún kan, nígbà tí oòrùn Ìbàdàn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ àgbà. Oní-AC kan tí n kò ní dárúkọ fi Bẹ́ljíọ̀mù sí i. Ó tutù débi pé àwọn ọmọ ń bẹ̀ mí kí n rọ̀ ọ́ wálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, kìrìkìrì, ó kú. Wọ́n ní ọjà burúkú ni mo bọ́ sí. Wọ́n fi òmíràn sí i. Ìyẹn kò lo oṣù kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́, mo ní kí wọ́n gbé e fún mi. Mo dorí rẹ̀ kodò sórí áńkáṣíìfù funfun mi, mo fọwọ́ yí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó kán sílẹ̀ dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ ìdí ìkòkò, ó sì ń dán bí ìpẹ́ ẹja nínú oòrùn. Mo fi ìka méjì ra á pọ̀, ó ń ha mí lọ́wọ́.

Mo fi han ọ̀gá oní-AC. Ó wò ó, ó ní, "Ọ́ìlì ni, ẹ̀gbọ́n."

Mo ní mo mọ̀ pé ọ́ìlì ni. Kí ló wà nínú ọ́ìlì?

"Dọ̀tí díẹ̀ ni, sà. Kò lè ṣe nǹkan."

Kò lè ṣe nǹkan! Òkú mẹ́ta ló wà lórí áńkáṣíìfù yẹn: èyí tí mo gbé lọ́wọ́, èyí tó ṣáájú rẹ̀, àti ti àkọ́kọ́ tó ti wà nínú páìpù látoṣù kejì, tó ń dúró de ẹni tí yóò gbé e mì. Wọ́n ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò ní etí òwe. Oní-AC tó ní etí méjì ńkọ́?

Wọ́n á ní, "Ṣebí a fọ̀ ọ́." Ẹ fọ̀ ọ́ o! Mo dúró tì yín. Bẹntiróòlù inú ike omi ni ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ wá ran ọmọ sí fọ́kánáísà kó lọ fa họ́ọ̀sì wá, ẹ fi atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ ẹ. Táńkì fọ́kánáísà yẹn, ìgbà wo ni wọ́n tú omi ìdí rẹ̀ dànù kẹ́yìn? Omi sì wà lára ohun tí AC kórìíra jù lọ. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ń fa omi mọ́ra bí iyọ̀ nígbà òjò. Omi, gáàsì àti ọ́ìlì bá para pọ̀, wọ́n di ásíìdì tó ń jẹ irin láti inú wá. Ìyẹn ni pé ìyẹ̀fun irin nìkan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ bá mi fi bẹntiróòlù àti omi kún un.

Tí ẹ bá tilẹ̀ fi oògùn tó yẹ fọ̀ ọ́ pàápàá, kọ̀ńdẹ́ńsà òde òní kì í ṣe páìpù kan ṣoṣo tó ń lọ tó ń bọ̀ bíi ti àtijọ́. Ọ̀nà wẹ́wẹ́ ló tò léra wọn, ihò inú wọn kò tó mílímítà kan, gáàsì sì ń gba púpọ̀ nínú wọn kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ da omi sí gọ́tà méjìlá tí mẹ́rin nínú wọn ti dí. Omi á gba inú mẹ́jọ kọjá, á tú jáde nísàlẹ̀ ní mímọ́ gaara, ẹ ó sì patẹ́wọ́ pé gbogbo rẹ̀ ti là. Mẹ́rin tó dí ṣì dí síbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tan AC, gáàsì gbígbóná á fún mọ́ inú mẹ́jọ, agbára inú rẹ̀ á ga kọjá bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tuntun á máa ti ògiri. Díẹ̀díẹ̀ ni ohun tó há á tún máa já bọ́, á gba dráyà, á dí ojú ẹ̀kísípáńṣọ̀n, tí ẹ̀kísípáńṣọ̀n bá sì dí, gáàsì ò ní gbé ọ́ìlì padà wálé dáadáa mọ́. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ gbẹ lọ́fun. Kìrìkìrì.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tuntun ló kọ ọ́ sínú ìwé ìdánilójú wọn pé ẹni tí kò bá pààrọ̀ dráyà, kó má gbé ọjà náà padà wá. Àwọn tó ṣe é ló kọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó nídìí tábìlì ìkómọ mọ̀ jù wọ́n lọ.

Àwọn àṣìṣe tó kù kò tó pé ká gbé àga jókòó tì wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní gáàsì ló tán: gáàsì AC kì í jó bí epo ọkọ̀, tó bá lọ, ihò ló gbà lọ, ẹ wá ihò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí kí kílọ́ọ̀ṣì dún "tá" kẹ́ ẹ tó gbà pé ó yè: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wọn kò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá, ẹ máa retí lọ. Mo mọ ẹnìkan tó ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ríléè lásán ló bàjẹ́. Féènì iwájú tí kò yí mọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀jọ́ta lè pa ti tuntun bó ṣe pa ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí AC, Ọlọ́run ló máa dá a lẹ́jọ́. Ayédèrú gáàsì ńkọ́? Ní 2011, èyí tí wọ́n pa methyl chloride pọ̀ mọ́ jẹ alumíníọ̀mù inú ẹ̀rọ àwọn àpótí ẹrù oní-fíríìjì, wọ́n bú gbàmù, òṣìṣẹ́ kú ní Vietnam àti ní Brazil. Ẹ máa ra sílíńdà tí orúkọ ti pa rẹ́ lára rẹ̀ lọ.

Bẹ́ljíọ̀mù tí ẹ ń fẹnu pọ́n yẹn, ẹ ti wò ó dáadáa rí ní Ládìpọ̀ tàbí ní Gate? Ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí páálí, ẹnu méjèèjì là sílẹ̀ sí eruku àti òjò. Ọlọ́jà á fi àtàǹpàkò ti ojú rẹ̀ kó yí: "Ẹ wò ó, ó ń yí!" Ọ̀gá, kẹ̀kẹ́ ọmọdé náà ń yí. A bi í ohun tó pa ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́, ó ní ìjàǹbá ni. Gbogbo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, inú ọkọ̀ tó forí sọ òpó ni wọ́n ti wá. Kò sí ìkankan tí ẹni tó ni ín yọ nítorí pé ó ń dún kìrìkìrì.

"Owó ńkọ́?" Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ máa já sí. Kọ̀ńdẹ́ńsà wọ́n, dráyà wọ́n, iṣẹ́ pọ̀. Ó wọ́n lóòótọ́. Èmi tó ń kọ̀wé yìí ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ mẹ́ta, mo fa gáàsì lẹ́ẹ̀mẹta, mo san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì tún padà ra kọ̀ńdẹ́ńsà tí mo ní ó wọ́n. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Èmi ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, n kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò pamọ́. Ẹ kọ́kọ́ da ọ́ìlì òkú sórí aṣọ funfun. Tó bá mọ́, ìyẹn kò burú púpọ̀. Tó bá ń dán, kọ̀ńdẹ́ńsà, dráyà àti ẹ̀kísípáńṣọ̀n gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì fi oògùn tó yẹ fọ páìpù àti ẹfapórétọ̀ títí tí kò fi ní sí dúdú mọ́. Ẹ wo féènì. Ẹ wọn ọ́ìlì. Kí ẹni tó ní pọ́ǹpù tó ń fa atẹ́gùn fi í fa inú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kì í ṣe kí ẹ máa fi gáàsì lé atẹ́gùn bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì. Iye gíráàmù tó ń gbà wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yé yín, àbí?

Kò yé ọ̀rẹ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: Bẹ́ljíọ̀mù lórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó ní kí n má bínú, pé ti òun kò ṣí ẹnu sílẹ̀, wọ́n ti dí i dáadáa. Mo fa fọ́tò náà tóbi. Ọ̀rá búrẹ́dì ni wọ́n fi dí i. Èérún búrẹ́dì ṣì wà nínú rẹ̀.