Ojú Ọkùnrin Ní Ń Ta Ìpara Abóra

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Àbíjàn. Ní ọdún 2015, ìjọba Côte d'Ivoire fòfin de ìpara abóra, nítorí èròjà bíi mẹ́kúrì, tí ń ba kíndìnrín jẹ́. Síbẹ̀, títà rẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Kí ló fà á? Òfin lè gbé ìpara kúrò lórí àtẹ. Kò lè mú ìfẹ́ àwọ̀ pupa kúrò lójú ọkùnrin.

Bí wọ́n bá ń wá ọkọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè; bí ó bá kan aya, àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ta ni yóò wá bú obìnrin tí ó bóra? Adúmáadán sì ni àwọn baba fi ń ki arẹwà!

Ẹwà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Anabi (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) kà á mọ́ ohun mẹ́rin tí àwọn ènìyàn ń torí rẹ̀ fẹ́ obìnrin, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sìn ni ó ní kí ọkùnrin yàn. Kí ọ̀dọ́kùnrin Mùsùlùmí kọ́kọ́ tún ojú ara rẹ̀ ṣe, kí ó tó wàásù fún àwọn arábìnrin.