Ta Ló Ní Yorùbá Kò Lè Sọ Adùn Sìgá Kúbà?

Irọ́ ni àwọn tó ní èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún adùn sìgá ńlá tí wọ́n ń fi ọwọ́ wé ní Kúbà ń pa. Ẹnu ni a fi ń tọ́ èéfín rẹ̀ wò. A kì í fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí wọ́n fi ojúlówó ewé Pinar del Río wé lè kọ́kọ́ ta sánsán bí igi gbígbẹ, kí ó korò díẹ̀ bíi kọfí láàárín, kí ó sì ta lẹ́nu bí iyèré nígbẹ̀yìn. Ta sánsán, korò, ta: èwo ni a yá lọ́wọ́ Òyìnbó níbẹ̀? Tábà ń ba ara jẹ́. N kò ní kí ẹnikẹ́ni mu ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe pe àìmọ̀ yín ní òṣì èdè Yorùbá.